Ohùn Ìyá Fúnmi Tí Mo Jí Gbà

Ẹ gbà mí o! Òní lọjọ́ kejì tí bàbá Fúnmi, àfẹ́sọ́nà mi, ti ń gbààwẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ kan ń pe àwọn lóko. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, èmi ni ẹ̀mí àìmọ́ náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ní Ùsì-Èkìtì níbí. Ẹ̀rọ olórin kan wà tó jẹ́ pé ohùn tín-ín-rín tín-ín-rín ló máa ń tò léra títí wọn yóò fi di ohùn kan. Ètò tí mò ń kọ sórí kọ̀ǹpútà ni yóò gbọ́ ohùn gidi, tí yóò tú u sí wẹ́wẹ́, kí ẹ̀rọ náà lè mọ ohun tó máa tò. Ó wá ku kí n rí ohùn tó gùn, tó dúró ṣinṣin, tí màá fi dán an wò. Ta ló ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ ju ìyá Fúnmi lọ? Ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni mo háyà yàrá sí. Tí oúnjẹ bá ti jinná, màmá á bọ́ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á ké "Úùùù!" sí bàbá ní oko etílé, torí bàbá kì í mú fóònù lọ sóko. Mo gba ohùn náà sílẹ̀ lójú fèrèsé, n ò tọrọ àyè. Ojú ń tì mí, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ìyàwó?

Ètò náà ṣiṣẹ́, àṣejù ló tiẹ̀ ṣe! Nígbà tí màmá yà lọ ra ata, mo so ó mọ́ sípíkà ńlá, "Úùùù!" Kò pẹ́ ni bàbá dé tòun ti ọkọ́ léjìká, wọ́n ń béèrè iyán. Màmá ní, "Ta ló pè yín? Iṣu ṣì wà lórí iná." Bàbá ní, "Ìwọ lo pè mí wá sulé, mo gbọ́ ọ kedere!" Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí. Ó yẹ kí n jáwọ́, ṣùgbọ́n ìparí ohùn náà ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, mo tún un ṣe, mo tún dán an wò. Bàbá tún dé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Bàbá búra pé àgbà kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí, àwọn ò ní dáhùn mọ́ láé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹbí mi wá láti Ìlógbò fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá ti sáré lọ wa iṣu tí wọ́n máa fi ṣe àlejò. Màmá pè, pè, pè, títí ohùn wọn fi há. Àṣé bàbá ti kúnlẹ̀ sábẹ́ igi kòkó, wọ́n ń ka sáàmù. Fúnmi gba ọ̀nà oko lọ, ó ń pè wọ́n bó ṣe ń lọ. Bàbá ní ẹ̀mí náà ti pààrọ̀ ohùn, ni wọ́n bá sá wọ igbó! Mo jókòó láàárín ẹbí mi, mo ń sọ fún wọn pé bàbá ti ń bọ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi dé fìlà, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọn ò fẹ́ wa." Láti ọjọ́ náà ni Fúnmi ti ń sunkún, tí bàbá sì ń gbààwẹ̀ láti lé ẹ̀mí náà lọ.

Láàárọ̀ yìí ni màmá wọlé tọ̀ mí wá. "Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ̀ nípa ohùn, ṣé o ò lè fi kọ̀ǹpútà rẹ yẹ etí bàbá Fúnmi wò? Mi ò fẹ́ kí orí wọn dàrú mọ́ mi lọ́wọ́." Omijé lé ròrò lójú wọn. Mo ní màá wò ó. Àbí ẹ ò rí ayé mi!

Irọ́ ì báà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, ẹ sọ fún mi: tí mo bá lọ dọ̀bálẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú bàbá tí ebi ti pa fún ọjọ́ méjì nítorí mi, ṣé ẹ̀yin á fún irú mi lọ́mọ?