Ọjọ́ tí Omi Lọ Lábẹ́ Pásítọ̀ Wa

Ọlọ́run tó ń pe omi wá, tó tún ń sọ fún un pé kó padà, ọpẹ́ tèmi rèé o. Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, orúnkún mi kò gba ìdúró mọ́, n kò sì kàwé. Ọmọ ọmọ mi, Tósìn, ló bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ni yóò kà á, èmi yóò jókòó. Ẹ ṣe Halelúyà kan fún mi kó dé òdìkejì odò!

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé abẹ́ àgọ́ ni ìjọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ọkọ mi ni, ibi tó ti ń kan ọkọ̀ nígbà ayé rẹ̀, létí omi ní Ogbe-Ijoh níbí. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn ní kí n fi háyà fún àwọn tó ń ta epo díísù. Mo ní rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún wa ní ilé ìsìn tí wọ́n á ti máa sọ èdè wa. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ní Wárì, òyìnbó àti Pidgin ni. Mo gbọ́ Pidgin o, òun ni mo fi ń ta ẹja, ṣùgbọ́n n kò lè fi sunkún níwájú Ọlọ́run.

Ìgbà náà ni àwọn àgbà ìjọ ní Ìbàdàn rán Pásítọ̀ sí wa. Ọmọ Ṣakí ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ara rẹ̀ yá gágá. Fúnra rẹ̀ ló fọ àgọ́ náà, òun ló kan bẹ́ǹṣì. Ó gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ìsìn, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Aago mẹ́sàn-án yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ayọ̀ kún inú mi. Àwọn èèyàn wa, àwa Ìlàjẹ, tí wọ́n ń gbé lórí omi, ti inú odò wá pẹ̀lú ọkọ̀. Bàbá Táyọ̀, àgbà apẹja, ló ṣíwájú wọn. Àwọn obìnrin mú bàtà dání, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti wọ̀ ọ́. Bẹ́ǹṣì ò gbà wá. Sọ́ńdè kejì, a ò ju méje lọ: èmi, Tósìn, ìyàwó Pásítọ̀, àti ìdílé ẹnjiníà kan tí kọ́ńpìnnì rẹ̀ gbé wá láti Èkó sí Effurun. Sọ́ńdè kẹta, ilé kún. Ìkẹrin, òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ fún oṣù bíi mélòó kan, ọ̀sẹ̀ kan ó kún, ọ̀sẹ̀ kan ó gbẹ.

Èmi mọ ohun tó fà á. Omi ni. Odò kékeré tó lọ sílé Bàbá Táyọ̀ àti ilé àwọn yòókù, bí omi òkun bá wọlé, ọkọ̀ á kọjá. Bí omi bá fà, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè jáde. Bí Sọ́ńdè yìí bá bọ́ sí ìgbà tí omi kún láago mẹ́sàn-án, Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí ìgbà tó gbẹ. Ọmọ kékeré wa mọ̀ ọ́n.

Pásítọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Àwa náà ò sì mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi kiri nínú ìwàásù rẹ̀. Bó bá wàásù lórí ọtí, tí àwọn èèyàn ò wá lọ́sẹ̀ kejì, á ní ọ̀rọ̀ ọtí ló bí wọn nínú. Ó wàásù lórí ìfẹ́, wọn ò tún wá. Ó gbààwẹ̀ títí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ fi fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan tí ilé kún, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ǹṣì ni mo wàásù fún!”

Ṣé ẹ rántí ohun tí a ṣe? Gbogbo wa kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Ẹ forí jì wá. A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.” Èmi tí mo wá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an kúnlẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí ẹni ọ̀wọ̀ bá ń bínú, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́, a kì í rojọ́ fún un. Ẹni tó bá rojọ́, wọ́n á ní ó ń gbó àgbà lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, omi fà, kò sẹ́ni tó wá. Pásítọ̀ bá gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òpùrọ́ ni wá.

Ọjọ́rú kan ni ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nídìí ẹja. Kò ná an. Ó ní, “Màmá, ẹja tí mo máa rà kẹ́yìn lọ́wọ́ yín rèé.”

Mo ní, “Kí ló dé, ìyàwó Pásítọ̀?”

“Ó ti kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn. Sọ́ńdè yìí ló máa dágbére. Ó ní bóyá Ọlọ́run kọ́ ló rán òun wá síbí.”

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ mímu nìkan ni mo fi gbé ẹ̀mí ró. Àdúrà mi ò gùn. Mo ní, “Olúwa, má jẹ́ kí àgọ́ yìí di ilé díísù lójú mi. Bí Pásítọ̀ yìí bá lọ, wọn ò ní rán ẹlòmíì wá mọ́.”

Àárọ̀ Sátidé ni Pásítọ̀ wá sílé mi. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Táyọ̀. N kò fẹ́ dágbére fún un láàárín èrò.” Táyọ̀, ọmọ Bàbá, ló fi ọkọ̀ wá gbé wa. Bí a ṣe gúnlẹ̀ ló ti sọ fún mi: “Mama, make una no tey o.” Mo ní mo gbọ́, a ò ní pẹ́.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wò mí, èmi tí wọ́n bí sórí omi, omi ò fà kó fi mí sílẹ̀ sórí ẹrẹ̀ rí látìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sílé Bàbá, mò ń sunkún, ìyàwó Bàbá ń se ẹja, Pásítọ̀ ń dúpẹ́. Mò ń wo omi tó ń fà lọ, ojú mi ò rí i. Ọlọ́run ló fi ọwọ́ bò ó. Kò sí ẹni tó lè sọ nǹkan míì fún mi.

Nígbà tí a fi máa bọ́ sínú ọkọ̀, a ò tíì jìnnà sí ilé Bàbá ju ìwọ̀n ọ̀pá ìtukọ̀ mẹ́wàá lọ tí ọkọ̀ fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Pásítọ̀ ní òun á sọ̀ kalẹ̀ tì í. Ẹrẹ̀ gbé e dé orúnkún. Nígbà tí a fà á padà, bàtà kan ti lọ.

“Màmá, kí ló dé?”

“Omi ti lọ, Pásítọ̀.”

“Ó lọ síbo?”

Bàbá Táyọ̀ dáhùn láti orí pèpéle ilé rẹ̀: “Ó lọ sókun. Ẹ fara balẹ̀, ó ń bọ̀.”

“Ta ló lọ pè é?”

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ tó wà lórí pèpéle títí ọ̀kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú ẹrẹ̀. Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣé ojoojúmọ́ ló ń ṣe báyìí?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ máa ń sún díẹ̀díẹ̀.”

Pásítọ̀ ń ka ìka rẹ̀. “Sọ́ńdè tó kọjá, láago mẹ́sàn-án, báwo ni iwájú ilé yín ṣe rí?”

“Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí.”

“Sọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?”

“Omi kún. Ṣebí a wá?”

Pásítọ̀ gbé orí lé orúnkún. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹkún ni lóòótọ́, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Háà! Pásítọ̀, ẹ̀ ń bínú nígbà yẹn, a sì bẹ̀ yín. Ṣé ká tún wá máa bá yín jiyàn ni?”

Ó kọjú sí mi. “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Ta ni kì í mọ̀ pé omi ń lọ tó ń bọ̀?”

Ó ní, “Èmi ni. Odò wa ní Ṣakí, bó bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn.”

A jókòó sínú ọkọ̀ náà títí ọ̀sán fi ń rọ̀. Bàbá ń kọrin lórí pèpéle, à ń gbè é nínú ọkọ̀. Kò pẹ́, ọkọ̀ mì lábẹ́ wa. Pásítọ̀ fi ọwọ́ kan omi bí ẹni fọwọ́ kan ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, ilé kún. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín, ó ní kí ẹ forí ji òun, pé òun ti pè yín ní òpùrọ́ nínú ọkàn òun. Ó sì pa aago mẹ́sàn-án rẹ́ kúrò lára pátákó.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ wá rọrùn. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kan àárọ̀ ni à ń jọ́sìn, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán. Bàbá Táyọ̀ á pè ní Sátidé láti sọ aago tí omi máa kún, Tósìn á sì fi sórí fóònù gbogbo wa. Ìyàwó ẹnjiníà ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń pààrọ̀ aago bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ?” Wọ́n lọ. Òun àtàwọn ọmọ ti padà, ọkọ ò tíì padà, à ń gbàdúrà sí i. Àwọn àgbà Ìbàdàn náà béèrè pé ṣé omi ló wá ń darí ìjọ. Pásítọ̀ ní, “Rárá o, sà. Ẹni tó ń darí omi ni.” Bí ìwàásù bá sì ti ń gùn jù, Táyọ̀ á yọjú lẹ́nu ọ̀nà: “Pastor, water o!” Ká tó ṣẹ́jú, oore-ọ̀fẹ́ la ń ṣe.

Sọ́ńdè tó kọjá yìí, mo ṣì ń wé gèlè nígbà tí mo gbọ́ ẹni tó ń pariwo létí omi: “Màmá, ẹ yára, omi ti ń wọlé!” Mo yọjú. Ọmọ Ṣakí ni, ó ká ṣòkòtò sókè, ó mú bàtà dání bí Ìlàjẹ.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó dí mi lójú kó lè la ojú ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí orúnkún yín ṣì ń gbọ́ràn, ẹ dìde, ẹ jó tiyín, ẹ jó tèmi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará inú odò, ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò kí ijó yín tó gùn.