Bébì Tí Mo Ní Kó Gbààwẹ̀

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún un gbé! Ọba tó gbọ́ Yorùbá mi nígbà tí òyìnbó ò gbọ́ ọ, ẹ ṣé o, Bàbá!

Ẹ̀yin ará, Tọ́lá ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ló kù díẹ̀ kó wọlé. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbogbo ayé máa daṣẹ́ sílẹ̀, iná á kú, ọkọ̀ òfurufú á já bọ́. Ni ṣọ́ọ̀ṣì bá pe ààwẹ̀, ká lè fi ayọ̀ rékọjá. Tọ́lá ṣì kéré. Ó ní ohun ìṣeré oníbátìrì kan bí ẹyin, tí gbogbo ọmọ Peckham, níbi tí à ń gbé ní London, ń mú kiri. Bébì kan ń bẹ nínú rẹ̀ tó ń ké "pí, pí" bí ebi bá ń pa á. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á jẹun. Ẹ ò tẹ̀ ẹ́, á kú. Tíṣà ò fẹ́ rí i ní kíláàsì, ni Tọ́lá bá fi í sílẹ̀ fún mi. "Grandma, ẹ fún bébì mi lóúnjẹ o."

Mo ní, "Nínú ilé yìí? Ààwẹ̀ la wà. Bébì náà á gbààwẹ̀."

Eré ni mo ń ṣe o! Àmọ́ nǹkan náà kú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ dé iléèwé, ó bú sẹ́kún lójú tíṣà: "Grandma ní kí bébì gbààwẹ̀. Ó ti kú."

Yéè! Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Àwọn sóṣà! Àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni! Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Obìnrin náà ní bébì dà? Ìyẹn yé mi.

Bísí ọmọ mi ti pọn Káyọ̀dé, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, àbúrò Tọ́lá, lọ sí ọjà Deptford. Èmi tí n ò kàwé, òyìnbó mi ò kún ọwọ́. Mo fẹ́ sọ pé ó ti jáde. Mo ní, "Baby gone."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo ibùsùn Káyọ̀dé, ó ṣófo. "Gone where?"

Mo ní, "Market."

Ha! Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó fa fóònù yọ, mo gbọ́ "police". Ta ni kí n ké sí? Àwọn ilé tó yí wa ká ní North Peckham, wọ́n ti kó èrò inú wọn jáde, wọ́n fẹ́ wó wọn. Mo ní, "Jésù, wọ́n á kó Tọ́lá, wọ́n á kó Káyọ̀dé. Bá mi dá wọn lóhùn!"

Kọ́kọ́rọ́ dún lẹ́nu ọ̀nà. Bísí wọlé, Káyọ̀dé ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń jẹ! Ògo! Mo rò pé ó ti tán. Kò tán o. Obìnrin náà ní, "Ọmọ yìí wà láàyè. Èwo ló wá kú?"

Wọ́n sọ ohun tí Tọ́lá wí níléèwé fún Bísí. Ó yíjú sí mi, omi ti lé sí i lójú. "Mọ́mì, ọmọ ta ni ẹ ní kó gbààwẹ̀?"

Ààwẹ̀! Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti là mí lójú. Mo sáré wọ yàrá, mo mú ẹyin náà, mo fi lé obìnrin yẹn lọ́wọ́. "Baby," mo ní. "Baby!"

Ó wò ó. Ó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. "Pí, pí!" Ó jí! Obìnrin náà jókòó sórí àga mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bísí ní, "Mọ́mì, ó ní tọmọ òun náà kú lánàá." Ọkùnrin náà sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n má wá mọ́. Wọn ò mú ọmọ kankan lọ. Ẹyọ kan!

Ẹ bá mi dúpẹ́! Káyọ̀dé yẹn ti di bàbá ọmọ báyìí, ó ga débi pé ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó wọlé mi.

Ìwọ tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn, tí ẹnu rẹ ò lè gbà ọ́, má sá. Ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Jésù, mo dúpẹ́ o!