Gọ́ọ̀mù Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ojú ọjọ́ ṣú, nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn aránṣọ méjì ń jiyàn lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Zion Pepe.

"Kí lo fi di àwọn ègé aṣọ ìyàwó yìí mú?" ni àgbà inú wọn bi ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀dọ́.

"Gọ́ọ̀mù ni, Màmá. Tí mo bá rán an tán, omi lásán ló máa fọ̀ ọ́ kúrò. Píìnì tiyín ń dógùn-ún nínú afẹ́fẹ́ iyọ̀, ó ń ba aṣọ funfun jẹ́."

"O ò tíì rán an?"

"Ọ̀dọ̀ ìyàwó ni mo ti máa rán an. Ọ̀la ni ìgbéyàwó."

"Háà! Gọ́ọ̀mù tí omi ń fọ̀ kúrò, o gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi! Ta ní ń fi iyọ̀ so àwọ̀n?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìgbì ta omi sí wa lára. Ọmọbìnrin náà fi àyà bo ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ègé aṣọ ti ń yọ̀ kúrò lára ara wọn.

"Yáa gba píìnì," ni àgbà wí, "kí o sì bá mi kí ògùn-ún rẹ̀."

Títí di òní, gọ́ọ̀mù náà ni ọmọbìnrin yẹn ṣì ń lò, ṣùgbọ́n ilé ló ti ń rán aṣọ rẹ̀ tán báyìí kí ó tó wọ ọkọ̀.