Ẹja Tó Lé Ìjàpá Jáde Nínú Omi

Ẹ má wulẹ̀ fún mi ní àga, Baba Ẹlẹ́ja, n ò wá jókòó. Korobá tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ má tíì ṣí i o! Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná. Ẹja yín ló wà níbẹ̀. Ẹja yín ni o, kì í ṣe tèmi mọ́, mo dá a padà níṣojú gbogbo ẹja tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí mi.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti wá síbí? Ẹ̀ẹ̀mẹta! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló fi ìjàpá omi méjì sílẹ̀ fún mi kí n bá òun tọ́jú wọn fóṣù mẹ́rin. Mo ní wọ́n wà nínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi, èyí ńlá ń jẹ́ Ọ̀gá, èyí kékeré ń jẹ́ Igbákejì. Mo ní wọ́n ń ṣe mí láàánú, omi náà dá, ó ṣófo bí ilé tí olè ti kó. Mo wá bi yín pé, ẹja wo ló lè bá wọn gbé? Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹja tó máa bá wọn gbé. N ò bèèrè ẹja tí wọ́n máa jẹ, n ò sì bèèrè ẹja tó máa jọba lé wọn lórí!

Ẹ ní kí n mú àwọn tín-ín-rín tó yára. Ẹ ní, “Ìyá Aránṣọ, ìjàpá ò lè bá wọn láéláé.” Mo ra mẹ́fà. Òótọ́ ni, wọ́n yára bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹja máa ń sùn? Ìjàpá ò lé ẹnikẹ́ni o! Ó kàn dúró ni. Ó dúró bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, ìrù kan ṣoṣo ni mo bá, òun náà ń léfòó.

Mo padà wá. Ẹ ní, ó dáa, kí n mú àwọn tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tó ní ẹ̀gún lẹ́yìn, pé kò sẹ́ni tó máa gbìyànjú láti gbé ẹ̀gún mì. Baba, Ọ̀gá gbìyànjú! Ẹ̀gún há a lẹ́nu. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan tó wá wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wò, tó dúró pẹ̀lú apá aṣọ kan ṣoṣo, òun ló bá mi di ìjàpá mú, èmi ń fi irin tí mo fi ń tú òwú aṣọ yọ ẹ̀gún. Ìyàwó ń sunkún, ìjàpá ń fi èékánná ya aṣọ, èmi ń ké pe Ọlọ́run.

Ìyẹn náà kọjá. Ó wá ku ti ẹ̀ẹ̀kẹta, òun ló wà nínú korobá yìí. Ẹ ní òfin kan ṣoṣo ló wà: ohun tí ò bá gba ẹnu ìjàpá, ìjàpá ò ní jẹ ẹ́. Ẹ ní kí n lọ wọn ẹnu Ọ̀gá wá. Mo lọ wọ̀n ọ́n. Ó gé orí tépù mi jẹ, mo ṣì wọ̀n ọ́n. Mo sọ ìwọ̀n fún yín, ẹ sì gbé ẹranko yìí fún mi.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, àwọn ìjàpá ẹ̀gbọ́n mi ò wọ inú omi mọ́! Orí òkúta ni wọ́n wà, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀ tí ò ní wá. Igbákejì fi ẹsẹ̀ kan tọ́ omi wò lọ́jọ́ Ajé, ẹja yìí kàn án lórí gbì! Inú omi ni wọ́n ti máa ń jẹun. Mo ju oúnjẹ sómi, ẹja jẹ ẹ́. Mo gbé e sórí òkúta, wọ́n kàn ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ni. Ọrùn Ọ̀gá ti fi ìdajì íǹṣì dín, ó wà nínú ìwé ìwọ̀n mi, láàárín ìwọ̀n ìyàwó ojú ọ̀nà yẹn àti ti ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, ṣebí ìjàpá ló ń rẹ́ gbogbo ayé jẹ? Ọgbọ́n rẹ̀ dà? Ọjọ́ wo ni ẹja di onílé tó ń lé e síta?

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, Baba. Ọ̀túnla! Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó fi òròmọdìyẹ kan síkàáwọ́ mi, oorun gbé mi lọ, mo sùn lé e. Láti ọjọ́ náà, kò fi nǹkan kan síkàáwọ́ mi mọ́. Ọgbọ̀n ọdún! Kọ́kọ́rọ́ ilé lásán, aládùúgbò ló máa ń fún. Àwọn ìjàpá yìí ni àkọ́kọ́. Kí ni kí n wá wí fún un?

Kí lẹ ní? Ìwọ̀n tí mo mú wá? Íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ ni mo sọ, n ò sẹ́. Rárá o, ẹnu Ọ̀gá ò tó bẹ́ẹ̀. Íǹṣì kan àbọ̀ ni. Mo fi méjì lé e. Ẹ̀ẹ́, mo fi méjì lé e! Aránṣọ wo ló ń sọ ìwọ̀n láì fi àyè sílẹ̀? Bí ẹnu rẹ̀ bá sanra ńkọ́? Ẹ rí tépù lọ́rùn mi, ẹ mọ iṣẹ́ mi, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ yọ méjì kúrò!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in lọ. Ẹja tó bá ìwọ̀n mu lẹ ò mọ̀ ọ́n yàn, ẹ wá ń fi aránṣọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ fẹ́ dà á síbo? Sáàárín àwọn mèremère wọ̀nyẹn? Ogójì ẹja? Ẹ ní kò ní wàhálà? Hẹn-ẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹja, èmi mọ aṣọ. Ẹ dà á.

Ó ti wọlé. Ẹ wò ó bó ṣe ń yíra padà. Baba… ẹ wo igun yẹn. Ogójì ẹja! Gbogbo wọn ti há sí igun kan ṣoṣo! Háà! Ó kan ti aláwọ̀ ọsàn yẹn lórí! Yéè, ẹ gbà mí, ẹ̀rín ń pa mí, ìhà mi o!

Ẹ ní kí n dúró? Kí n dúró ṣe kí ni? Èmi kẹ̀? Àwọn ìjàpá mi ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé onílé ti kó jáde. Ẹ gba korobá, mo fi ta yín lọ́rẹ. Kí ẹ sì tètè wá òkúta kan fún àwọn ogójì yẹn. Kó fẹ̀ dáadáa o, Baba. Ẹ fi íǹṣì méjì lé e!