Àgbò Iléyá Hú Irin Àrá ní Kettering

[Zulaykha, òṣìṣẹ́ ìlà tẹlifóònù, wà nínú mọ́tò iṣẹ́ ní Fort Washington. Taofeek, àbúrò rẹ̀, wà nílé bàbá wọn ní Kettering.]

TAOFEEK: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ṣé—

ZULAYKHA: Ojú ọ̀run ti dúdú, o ń kí mi kú oòrùn. Bàbá ńkọ́?

TAOFEEK: Wọ́n wà ní pálọ̀. Please, ṣé òdòdó lè pa àgbò?

ZULAYKHA: Àgbò wo?

TAOFEEK: Ti Iléyá. Ó ti já. Aládùúgbò ní òun máa pe àwọn ìjọba county tó bá tún fẹnu kan òdòdó òun.

ZULAYKHA: O ò so ó ni?

TAOFEEK: Mo so ó mọ́ irin kan lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tẹlifóònù. Ó fa irin náà tu. Ó ń wọ́ ọ kiri, tòun ti waya. [Ariwo.] Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ZULAYKHA: Mo gbọ́. Igi ti tán ní Maryland. Irin tí a rì mọ́lẹ̀ nítorí àrá, òun lo fi ṣe èèkàn.

TAOFEEK: Irin lásán—

ZULAYKHA: Lásán. Orí waya ni iná ti ń wá láti ọ́fíìsì wa bá àpótí yẹn. Bí àrá bá bá waya wọlé, irin yẹn ló ń gbé e wọlẹ̀. Ní báyìí, kí àrá máa tẹ̀lé àgbò kiri, àbí?

TAOFEEK: Mo ní hámà, mo lè kàn án padà—

ZULAYKHA: Kàn án. Abibat àbúrò mi ṣáà ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, á rí ẹ tọ́jú. [Àrá sán lókèèrè.] Ṣé o gbọ́ mi? Bọ́tìnì ọrùn Bàbá, tí wọ́n máa tẹ̀ pe dókítà bí ọkàn wọn bá tún daṣẹ́ sílẹ̀, ìlà yẹn ló ń gbà. Bí àpótí bá jó, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ yẹn.

TAOFEEK: Ah.

ZULAYKHA: Gbé wọn lọ sílé Abibat ní Glenarden. Now.

TAOFEEK: Mo ti ní ká jáde. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ẹran Ọlọ́run sílẹ̀ fún kèfèrí.

ZULAYKHA: Gbé fóònù fún wọn, kí n bẹ̀ wọ́n.

TAOFEEK: Okùn ẹ̀ ò dé pálọ̀.

ZULAYKHA: Okùn wo?

TAOFEEK: Okùn fóònù. Bátìrì tèmi ti kú, ti ara ògiri kíṣìnnì ni mo fi ń—

ZULAYKHA: Taofeek. Ju fóònù yẹn sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Ju ú—

[Àrá. Ìlà já.]