Ọkọ̀ Ọ̀pẹ̀yìnbó Tí Kọ̀ǹpútà Wa Kò Dámọ̀

Alága ìjókòó wa, Bàbá Olúgbénga Adéwùnmí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Aṣojú Kábíyèsí, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ̀yin àlùfáà wa àti ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ jọ há ara yín mọ́ orí bẹ́ńṣì kan náà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ gun ọ̀kadà wá láti Ìwàré àti Akínmọ̀ọ́rìn nínú oòrùn yìí, ẹ̀yin ìyá mi láti Ìlọrà, ẹ̀yin tí a jọ wọ yunifọ́ọ̀mù, ẹ̀yin ejẹ́ńtì tí ẹ ti ẹnubodè wá nítorí tèmi, mo kí yín káàbọ̀ sí Fìdítì. Èmi ọmọ yín, Tahirah Abdussalam, ni mo dìde yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún? Alihamdulilahi.

Inú mi ń dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ẹni tó ń fẹ̀yìn tì dùn lọ. Àbúrò mi obìnrin ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ yìí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín o, kí wọ́n má baà rò pé iṣẹ́ náà ti sú yín." Kò sú mi rárá! Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ aṣọ́bodè, ọdún tó kẹ́yìn nínú wọn ló sì dùn jù. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Àwọn mìíràn nínú yín kò mọ ohun tí à ń ṣe gan-an. Ẹ rò pé a kàn ń dá ọkọ̀ dúró ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ sọ fún wa ohun tó wà nínú ọkọ̀, ẹni tó ni ín àti ibi tó ń lọ. Ìwé la fi ń ṣe é látijọ́. Ìwé kan ṣoṣo á wọ ọ́fíìsì mẹ́sàn-án, á gba òǹtẹ̀ mẹ́sàn-án, àwọn ejẹ́ńtì ló sì ń bá àwọn oníṣòwò gbé e kiri. Lọ́dún tó kẹ́yìn yẹn, àwọn ọ̀gá wa ní kọ̀ǹpútà ló máa gba gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣe, wọ́n ní èmi ni kí n mú un wọ ẹnubodè wa. Èmi, ọmọ Fìdítì! Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo jó.

Ìgbéraga sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ìyá tó wé gèlè aláwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Màmá Josephine nìyẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi ṣe iṣẹ́ ejẹ́ńtì. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n wá bá mi.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yín ń gbà fún ọkọ̀ kan. Àwọn oníṣòwò kékeré kì í dá ọkọ̀ háyà. Ẹni mẹ́jọ, ẹni mẹ́wàá ló ń kó ẹrù pọ̀. Orúkọ ta ni ká wá kọ?"

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún wọn, níwájú àwọn tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Mo ní, "Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn mú báàgì wọn, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ajé la bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kẹta tó dé, ti Ṣàràfá ni. Gbogbo yín ló mọ Ṣàràfá, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Òun àti ìyá méje láti Ìlọrà ló kó ọ̀pẹ̀yìnbó kún inú ọkọ̀ náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tẹ orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kọ̀ǹpútà kọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Ṣàràfá wọlé tọ̀ mí wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú wa. Ọ̀pẹ̀yìnbó ni o, kì í ṣe bíríkì."

Mo ní kó lọ mú ẹni tó ni ẹrù wá.

"Àwa mẹ́jọ la ni ín."

"Ẹ yan ẹnì kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀."

Ó ní, "Tí mo bá kọ orúkọ tèmi nìkan, tí nǹkan wá ṣe ẹrù yìí lọ́nà, kí ni àwọn ìyá yìí máa fi hàn pé tiwọn wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ mọ ohun tí ọ̀gá tí kò ní èsì máa ń ṣe? Mo ní kí ẹni tó kàn máa wọlé.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ejẹ́ńtì ti fi ìbínú ti ọ́fíìsì wọn pa, nítorí kọ̀ǹpútà ń kọ gbogbo ẹrù tí èèyàn púpọ̀ bá jọ ni. Ọkọ̀ tò láti ẹnubodè títí dé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni mo tó fẹsẹ̀ ara mi jáde lọ wò ó. Omi ọ̀pẹ̀yìnbó ń kán láti abẹ́ ọkọ̀ Ṣàràfá, eṣinṣin bò ó. Ó ń kó èyí tó ti jẹrà dà sínú igbó, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Mo rò pé ó máa bú mi. Ó yíjú padà, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èébú ì bá sàn fún mi.

Àwọn ọ̀gá wa ní ká padà sí ìwé. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré láti tún ẹ̀rọ náà ṣe. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n máa gbé ẹ̀rọ náà lọ ibòmíràn, wọ́n á fòpin sí ti ìwé, ẹrù àwọn oníṣòwò kékeré ò sì ní gba ọ̀dọ̀ wa kọjá mọ́. Ẹ ro iye ilé tí ìyẹn máa kàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió yìí nìkan.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá Josephine. Wọ́n ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo kúnlẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù mi.

Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ̀ ń fi aṣọ ìjọba nu ilẹ̀ fún mi. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Àmọ́ ẹ pe gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn jọ. Kì í ṣe ká wá pàtẹ́wọ́ fún yín o. Ká wá sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ àtíbàbà páàkì àwọn awakọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èébú nìkan ni mo kọ sílẹ̀! Awakọ̀ kan bi mí bóyá mo ti sùn sábẹ́ tírélà rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Olúwatóyìn dé, ọ̀dọ́bìnrin tó kọ ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lé orúnkún, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Josephine, ó ní, "Màmá, ẹ sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí." Ẹ gbọ́ ìyẹn! Ẹni tó kọ ọ́, kò sẹ́ni tó mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa lò ó.

Mọ́kànlá ni àṣìṣe tí wọ́n rí. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ni àkọ́kọ́, Olúwatóyìn sì tún un ṣe kó lè gba orúkọ púpọ̀. Àwọn awakọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le jù, a fi Yorùbá àti Hausa sí i. Àwọn ìyá ní lẹ́tà rẹ̀ kéré, a mú un tóbi. A wá ń fi ẹrù tí kò sí ṣe ìdánrawò. Awakọ̀ tó bú mi yẹn kọ ọ́ pé erin mẹ́rin lòun kó. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá wọ́n wà láàyè. Ẹ̀rín pa wá débi pé ìjókòó tú ká lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo wá sílé, mo lọ bá Ṣàràfá pé kó jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ṣáájú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi mí dánrawò lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ìwọ lo dán wa wò, a sì fìdí rẹmi. Wá wò ó bóyá a ti kẹ́kọ̀ọ́."

Ó wá! Ọ̀pẹ̀yìnbó kún ọkọ̀, orúkọ mẹ́jọ. Màmá Josephine ní àwọn làwọn máa tẹ̀ ẹ́, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde la jọ ń kà á sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí ìkẹjọ jáde, gbogbo wa na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ó yá, ẹ máa lọ." Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì péré ló gbà! Àwọn awakọ̀ tẹ fèrè ọkọ̀ títí etí fi ń hó wa. Ṣàràfá gbé ọ̀pẹ̀yìnbó kan wá sórí tábìlì mi. Òfin kò gbà kí n gbà á, mo ń sunkún, mo ṣáà ń juwọ́ sí i pé kó gbé e lọ. Màmá Josephine gé e fún àwọn awakọ̀ jẹ.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo pariwo lé yín lórí, ẹ fi orí jì mí. Olúwatóyìn, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ọpọlọ rẹ. Màmá Josephine, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Bàbá alága, ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá, ọ̀nà á dára fún wa padà sílé, ẹrù ẹnikẹ́ni kò ní bàjẹ́ lọ́nà mọ́, àwọn ọmọ wa á gbọ́rọ̀ sí wa lẹ́nu, àwa náà á sì gbọ́ tiwọn. Àmín.

Ó ku ohun kan. Ọ̀dọ̀ Ṣàràfá nìkan ni mo ti tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin ìyá méje, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹrù yín bàjẹ́ nítorí pé mi ò fẹ́ gbọ́rọ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n wá sí Ìlọrà. Lójú gbogbo ayé, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí.

Kí lẹ wí, ìyá? Mi ò gbọ́ o. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ wọn.

Wọ́n ní kí n gbé máíìkì yẹn sílẹ̀, kí n wá jókòó sáàárín àwọn.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ìyá mi. Mò ń bọ̀.