Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Gé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọkàn mi tó tún yí padà. Ọdún méjìdínlógún ni Zipporah ìyàwó mi fi ń jẹ́rìí nínú ìjọ wa ní Awa-Ìjẹ̀bú pé Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn kan mọ́ òun kí ó lè fi ilé ọkọ rọ́pò rẹ̀ fún òun. Gbogbo ìjọ á ké halelúyà, èmi náà á gbé ọwọ́ sókè nínú aṣọ funfun mi. Irọ́ ni. Ọlọ́run kò ti ilẹ̀kùn kankan. Èmi Bùsúyì ni mo tì í. Orí àga ni mo jókòó sí tì í, ìka kan ṣoṣo ni mo sì lò.

Ọdún 2007 ni, ní Àgọ́-Ìwòyè. Mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì Alàgbà Olúsànyà, níbi tí a ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Íńtánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, bí ó ti ń wá ni ó ń lọ. Ni Alàgbà bá gba ìlà mẹ́ta lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan láti inú abọ́ ńlá orí òrùlé, ọ̀kan láti orí òpó, ọ̀kan láti inú módẹ́mù tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ihò kan ṣoṣo ni ráútà wa, àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn kọ̀ǹpútà, ní tí íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Èmi ni mo wá ọgbọ́n rẹ̀. Mo ki ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ suwíìṣì kan, àpótí oníhò púpọ̀ tí wáyà ń wọ̀, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, gbogbo wọn sì jọ ń gba inú wáyà kan lọ sínú ráútà láìdà pọ̀, nítorí pé nọ́ńbà oníkálukú wà lára rẹ̀. VLAN ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Bí ìlà kan bá kú, òmíràn á gbà á. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò ní í rí ju kí àwòrán dúró díẹ̀. Mo máa ń jókòó nínú yàrá tútù yẹn, n ó máa wo iná kékeré mẹ́ta aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú, ọkàn mi á sì fò lọ. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tí kò lè já mọ́ láéláé.

Yàrá kejì ni Zipporah ti ń tẹ ìwé. Ọmọ Ìwopin ni, létí ọ̀sà, ìmọ̀ nípa ẹja ni ó sì kà jáde. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ omi, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. N kò sọ fún un. Ojo ni mí, mo sì tún jọ ara mi lójú: mo rò pé kò sí ibi tó ń lọ. Àfi ọjọ́ tó sáré wọlé tó ní, "Bọ̀dá Bùsúyì, ẹ bá mi yọ̀! Yunifásítì kan ní Nọ́wè fẹ́ rí ojú mi lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́bọ̀. Bí mo bá yege, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì já o."

Mo ní, "Kò lè já. Ìlà mẹ́ta ni."

Lọ́jọ́bọ̀ náà, ọyẹ́ bo gbogbo Àgọ́, oòrùn ọ̀sán dà bíi fìtílà tí wọ́n fi aṣọ bò. Mò ń gbọ́ Zipporah lódìkejì ògiri, tó ń bá àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè gbà. Bí ẹni tó ń lálàá ni mo ń wo ọwọ́ ara mi. Mo fi ìka tẹ kọ̀ǹpútà, mo sì yọ ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Iná kan kú. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ogún gbà á.

"Ó ti padà! Ẹ ṣé o, Bọ̀dá Bùsúyì!"

Ó rò pé mò ń tún un ṣe ni. Ẹni tó bá lójú àánú, ibẹ̀ ló yẹ kó ti ṣíwọ́. Mo yọ ogún. Ó tún dákẹ́. Ọgbọ̀n gbà á.

"Ó tún ti padà! Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà!"

Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ti méjì àkọ́kọ́, mo lè ní Èṣù ló tì mí. Ẹ̀kẹta kì í ṣe Èṣù. Mo gbọ́ àdúrà tó gbà fún mi, mo ṣe àmín sínú, mo sì yọ ọgbọ̀n.

Ó jáde wá, omi lójú. "Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Mo mọ̀ pé ẹ sa gbogbo ipá yín." Nígbà tó lọ bọ́jú, Hàmídù ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọlé, ó sì wo kọ̀ǹpútà mi.

"Ùwọ Bùsúyì, ta ló yọ àwọn nọ́ńbà yìí?"

"Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ lọ́wọ́ ni?" Hàmídù kò tú mi fó, ṣùgbọ́n kò wá síbi ìgbéyàwó wa lọ́dún kejì.

Kí Zipporah tó tún rí wọn bá sọ̀rọ̀, àwọn ará Nọ́wè ti mú ẹlòmíràn. Èmi ni mo rẹ Zipporah lẹ́kún, èmi ni mo mú un lọ gbàdúrà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lá àlá kan. N ó wà nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà Ìwopin, omi á pa rọ́rọ́, iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta á léfòó níwájú mi. Ẹnì kan á máa kí mi láti èbúté. Bó bá ti kí mi, iná kan á kú.

Ǹ bá sì gbé àṣírí yìí lọ sí ibojì, bí kì í bá ṣe ti Leah, ọmọ wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn kan tó fẹ́ rán an lọ sílé ìwé ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já. Wọ́n kọ̀wé pé kó pe àwọn padà kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ̀ dì í mú. "Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run ló tì í. Nígbà tó ti tèmi, ṣebí bàbá ẹ ló fi rọ́pò." Leah dojú fóònù délẹ̀, ó lọ ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ tí kì í gba ìyà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Mo wá rí i pé irọ́ mi ti fẹ́ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ níwájú àwọn méjèèjì, mo sì sọ ọ́ tán: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n.

Zipporah kò pariwo. Ó mú fóònù, ó fi í lé Leah lọ́wọ́. "Pè wọ́n. Pè wọ́n báyìí." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí a ti bímọ, Bàbá Leah ló ń pè mí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ó ní, "Bùsúyì."

Wọ́n ti dá ọjọ́ mìíràn fún Leah. Ìwopin ni ìyá rẹ̀ mú un lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, kí n má baà wà nítòsí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ràn ẹni tó ń lọ, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Zipporah, bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo tọrọ ìdáríjì. Bí Bàbá Leah kò bá wù ọ́ láti pè mọ́, ṣáà pè mí ní Bùsúyì. N ó jẹ́.